Agídí Ọ̀pá Gíà: Ibi Tí Ọwọ́ Ti Mọ̀ Ọ́n Kọ́ Ni Àrùn Wà

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ẹ má sì jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Ohun tí ènìyàn ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe lójoojúmọ́ ni a fi ń mọ irú ẹni tó jẹ́. Ẹni tí kò ní sùúrù fún irin tí kò lè fèsì, báwo ni yóò ṣe ní sùúrù fún aya àti ọmọ tó ń fèsì? Ẹni tó bá sì ń tan oníbàárà rẹ̀ jẹ nítorí pé oníbàárà ò mọ ohun tó wà lábẹ́ ọkọ̀, ǹjẹ́ kò mọ̀ pé Ẹnìkan wà tó ń wo abẹ́ ọkọ̀ náà?

Ọ̀pá gíà tó ń ṣagídí lára ọkọ̀ eré tó ti dàgbà ni ọ̀rọ̀ wa. Èrò mi ni pé kí á tó fi ipá fà á, kí á tó sọ pé kí wọ́n gbé gíábọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀, kí á tó ta ọkọ̀ náà ní àtàdànù, ó yẹ kí á kọ́kọ́ ṣí ìsàlẹ̀ ọ̀pá náà wò. Ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ níbẹ̀ kì í sábà ju rọ́bà tó ya, ike kékeré tó ti jẹ, àti ọ́ìlì tó ti gbẹ. Ṣùgbọ́n ohun kékeré yìí, bí a bá fi ìbínú bá a lò, ó lè jẹ owó ilé ìwé ọmọ.

Kí ọ̀rọ̀ má baà jẹ́ àfẹnusọ lásán, ẹ jẹ́ kí á mú ọkọ̀ kan pàtó. Mazda MX-5 ni, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Miata. Ọ̀pọ̀ yín ló mọ orúkọ Mazda dáadáa, nítorí pé 323 àti 626 ti sáré gan-an lójú títì wa. Ilé iṣẹ́ kan náà, tó wà ní agbègbè Hiroshima ní Japan, ló ṣe ọkọ̀ eré tí mò ń sọ yìí. Oṣù kejì ọdún 1989 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í han gbogbo ayé, níbi ìpàtẹ ọkọ̀ tó wáyé ní ìlú Chicago. Ẹni méjì péré ló ń gbà. Òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn, iná iwájú rẹ̀ sì máa ń yọ sókè bí ojú ọ̀pọ̀lọ́ nígbà tí a bá tàn án. Irú ti àkọ́kọ́ yìí ni wọ́n ṣe títí di ọdún 1997. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin ọdún 2016, àwọn MX-5 tí wọ́n ti ṣe, bẹ̀rẹ̀ látorí ti àkọ́kọ́, ti pé mílíọ̀nù kan.

Toshihiko Hirai ló ṣe olórí àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà. Èrò tó gbé ka iwájú wọn ni pé kí ọkọ̀ àti awakọ̀ di ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ẹṣin àti ẹni tó gùn ún. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀pá gíà rẹ̀. Wọ́n ṣe é kúkúrú, wọ́n sì ṣe é kó jẹ́ pé ọrùn ọwọ́ nìkan ni awakọ̀ máa yí díẹ̀, gíà á ti wọlé. Ẹni tó bá wa èyí tó ṣì dára á sọ fún yín pé adùn ọkọ̀ náà, ibi ọ̀pá yẹn ló pọ̀ sí. Ìdí kan náà ló fi jẹ́ pé bí ọ̀pá ọ̀hún bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣagídí, ọkàn ẹni tó ni ọkọ̀ á bàjẹ́. Àwọn tó dàgbà jù nínú ọkọ̀ wọ̀nyí ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Bí agídí bá dé, ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí ọ̀pá náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a mọ̀, tí ẹ́ńjìnnì wọn dábùú níwájú, ọ̀pá gíà jìnnà sí gíábọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Irin gígùn tàbí okùn wáyà ló ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ awakọ̀ lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú MX-5, orí gíábọ́ọ̀sì gan-an ni ọ̀pá náà jókòó lé. Irin kan tó rí roboto bíi bọ́ọ̀lù wà lára rẹ̀, èyí tó jókòó sínú ilé tirẹ̀. Ní ìdí ọ̀pá náà pátápátá ni wọ́n ti fi ike kékeré kan bo ẹnu rẹ̀, bí ìgbà tí a fi rọ́bà bo ìdí ọ̀pá arúgbó kó má baà máa ha ilẹ̀. Ike yìí ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní búṣì. Inú kòtò kékeré kan ni gbogbo rẹ̀ wà, ọ́ìlì díẹ̀ sì wà nínú kòtò náà, tó jẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, tó yàtọ̀ sí ọ́ìlì tó wà nínú gíábọ́ọ̀sì. Ọ́ìlì yìí kò ju nǹkan bíi 80 sí 90 mílílítà lọ. Rọ́bà méjì ló wá ń dáàbò bò ó, ọ̀kan kékeré nísàlẹ̀, ọ̀kan ńlá lókè, kí eruku má baà wọlé, kí ooru àti ariwo má sì gòkè wá bá àwọn tó jókòó sínú ọkọ̀.

Ooru gíábọ́ọ̀sì ní ń pa rọ́bà. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, rọ́bà ìsàlẹ̀ á sán, á sì ya. Eruku á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ọ́ìlì inú kòtò á máa dínkù díẹ̀díẹ̀, irin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha irin. Búṣì ike náà á jẹ, á ṣẹ́, nígbà mìíràn á tilẹ̀ fọ́ sí wẹ́wẹ́. Àwọn àmì tí a ó rí kò farasin. Ooru á máa fẹ́ wá láti ìdí ọ̀pá, ariwo á pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọ̀pá á máa gbọ̀n tàbí kó máa dún gbì-gbì-gbì bí ẹ́ńjìnnì bá ti dé orí eré kan. Bí a bá fẹ́ fi í sí gíà, á le koko, tàbí kó máa jó kiri bí ẹni pé kò mọ ibi tó ń lọ.

Níbí yìí gan-an ni ìwà ènìyàn ti ń hàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí ọ̀pá bá ti kọ̀, ipá ni wọ́n máa kọ́kọ́ rántí. Wọ́n á fi gbogbo apá tì í, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a. Ẹ̀yin ará, ọ̀pá náà kọ́ ni ẹ ń lù o! Ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni. Nínú gíábọ́ọ̀sì, àwọn òrùka idẹ wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti mú kí eré gíà dọ́gba kó tó wọlé. Àmúga irin tún wà tó ń ti gíà síbi tó yẹ. Bí a bá ń fi ipá ti ọ̀pá lójoojúmọ́, àwọn wọ̀nyí ni à ń jẹ ní ẹran ara. Búṣì tí owó rẹ̀ kéré lè wá sọ ọ́ di pé a ń wá gíábọ́ọ̀sì òdindi. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ kì í fi ipá mú un, ṣùgbọ́n kò ní wádìí. Kíá ló máa ní, “Ẹ pààrọ̀ gíábọ́ọ̀sì.” Àwọn mẹkáníìkì kan sì wà tí ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ létí, nítorí pé owó gọbọi ló wà nídìí gíábọ́ọ̀sì, kò sí nídìí búṣì. Ẹ jọ̀wọ́, n kò sọ pé gbogbo mẹkáníìkì ló rí bẹ́ẹ̀. Àwọn olóòótọ́ wà, wọ́n sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé ìdí ọ̀pá ló ń ṣe ọkọ̀, tó wá gbé gíábọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀, olè ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fún oníbàárà ní ìwé ẹ̀rí owó. Ẹni tí kò sì wò ó rárá kó tó dájọ́, adájọ́ tí kò gbọ́ ẹjọ́ ni. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Báwo wá ni a ó ṣe mọ ibi tí àrùn wà? Ìdánwò kan wà tí ẹnikẹ́ni lè ṣe láìná kọ́bọ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, kí ẹ sì mú ọ̀pá lọ sínú gíà kọ̀ọ̀kan ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ìdúró. Bó bá jẹ́ pé ó le nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú, tó sì le nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ìdí ọ̀pá ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bó bá rọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú, ṣùgbọ́n tó le nígbà tó ń ṣiṣẹ́, tí gíà ẹ̀yìn sì ń han, ẹ má ṣe fọwọ́ kan ọ̀pá. Kílọ́ọ̀ṣì ni kò tú sílẹ̀ dáadáa. Nínú MX-5 àtijọ́, sìlíńdà kékeré tó ń ti kílọ́ọ̀ṣì, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíábọ́ọ̀sì nísàlẹ̀, máa ń jò. Ẹ wo ọ́ìlì rẹ̀ bóyá ó ti lọ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ gíà kan ṣoṣo ló ń han, tí àwọn yòókù rọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òrùka idẹ gíà yẹn ló ti jẹ, inú gíábọ́ọ̀sì sì ni iṣẹ́ wà lóòótọ́. Bó bá sì jẹ́ pé òwúrọ̀ kùtùkùtù, nígbà òtútù, ni gíà kejì máa ń le díẹ̀, tó sì máa ń rọ̀ bí ọkọ̀ bá ti gbóná, ìwà rẹ̀ nìyẹn láti ilé. Ẹ fún un láyè kó móoru.

Ẹ ò rí i pé agídí kan náà ni ọwọ́ mọ̀, ṣùgbọ́n ìdí mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lè wà? Ọwọ́ kò parọ́, ọ̀pá le. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kò mọ ìdí.

Bó bá jẹ́ ìdí ọ̀pá ni, iṣẹ́ ọ̀sán kan ni, inú ọkọ̀ ni a ó sì ti ṣe é, kò sí pé à ń wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ tutù. Ẹ fi ìdènà sí ẹ̀yìn táyà, nítorí pé ọkọ̀ kò ní sí nínú gíà mọ́. Ẹ yí kóńkó orí ọ̀pá títí yóò fi bọ́, kí ẹ tú ìṣó ike tó bo àárín ọkọ̀, kí ẹ gbé e kúrò. Bọ́ọ̀tì mẹ́rin ló di rọ́bà ńlá mú. Lábẹ́ rẹ̀, bọ́ọ̀tì mẹ́ta ló di ọ̀pá fúnra rẹ̀ mú pẹ̀lú rọ́bà kékeré. Kí ẹ tó tú mẹ́ta yìí, ẹ nu ayé ibẹ̀ mọ́ tónítóní, nítorí pé ihò tí ẹ fẹ́ ṣí yìí, bí bọ́ọ̀tì tàbí yanrìn bá jábọ́ síbẹ̀, wàhálà mìíràn lẹ rà. Ẹ sàmì sí ibi tí ọ̀pá kọjú sí, kí ẹ wá fà á jáde tààrà.

Ẹ wo ẹnu ọ̀pá náà dáadáa. Bí búṣì kò bá sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́, inú kòtò ló wà. Ẹ yọ gbogbo àfọ́kù rẹ̀ pátá, ẹ má ṣe fi ọ̀kankan sílẹ̀. Ẹ fi abẹ́rẹ́ ńlá tí kò ní ṣóńṣó fa ọ́ìlì àtijọ́ jáde. Ẹ óò rí i pé ó ti dúdú, tàbí pé kò tilẹ̀ sí ọ́ìlì rárá. Ẹ da ọ́ìlì gíà tuntun sí i, irú 75W-90, níwọ̀n tí mo sọ lókè. Ẹ fi búṣì tuntun sí ẹnu ọ̀pá, kí ẹ fi gírísì díẹ̀ pa á. Ẹ fi rọ́bà tuntun méjèèjì sí i pẹ̀lú. Bí ọ̀pá náà fúnra rẹ̀ bá ti jẹ, tí bọ́ọ̀lù irin rẹ̀ ti há, tàbí tí ó ti wọ́, ìgbà yìí ni kí ẹ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Kí ẹ tó di gbogbo rẹ̀ padà, ẹ mú un lọ sínú gbogbo gíà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì kú, gíà ẹ̀yìn náà kò gbẹ́yìn.

Ẹnì kan lè ní, “Ṣé torí rọ́bà ni gbogbo àlàyé yìí?” Bẹ́ẹ̀ ni o! Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pààrọ̀ búṣì tí wọ́n ń fi rọ́bà tó ya sílẹ̀, nítorí pé búṣì ni wọ́n rí pé ó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n rọ́bà tó ya ló jẹ́ kí eruku wọlé tó pa búṣì. Bí a bá wo egbò, tí a kò lé eṣinṣin, egbò á padà.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù, ìyẹn ti àwọn tó ń sáré ra ọ̀pá gíà kúkúrú tó ń dán, tí wọ́n fi ń ṣe fàájì ọkọ̀ eré. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí fàájì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á sòótọ́: ọ̀pá tí ìrìn rẹ̀ kúrú, agbára tí a fi ń tì í máa ń pọ̀ sí i ni. Ẹni tó bá ti fi irin gígùn tú nọ́ọ̀tì táyà rí mọ̀ pé bí ohun tí a dì mú bá ṣe gùn tó ni iṣẹ́ ṣe ń rọrùn tó. Nítorí náà, ẹni tí ọ̀pá gíà rẹ̀ ń ṣagídí, tó wá lọ ra kúkúrú láìwo ìdí rẹ̀, ó ra ẹ̀wà fún ojú, ó sì ra ìnira kún ìnira fún apá.

Bákan náà, àwọn kan á sọ pé ọkọ̀ tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kò yẹ ní ohun tí à ń yọ ara lẹ́nu lé lórí, kí á tà á, kí á gbàgbé rẹ̀. Lóòótọ́, bí ìpẹtà bá ti jẹ ara ọkọ̀ tán, ọ̀pá gíà kọ́ ló kàn. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ebi pa ará ilé nítorí ọkọ̀ eré. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí àwọn tó ṣe é fúnra wọn ṣe. Ní ọdún 2017, Mazda kéde ní Japan pé àwọn máa bẹ̀rẹ̀ sí í tún irú MX-5 ti àkọ́kọ́ ṣe fún àwọn tó ni ín, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ kan lọ́tun. Aṣọ òrùlé wà lára rẹ̀. Kóńkó onígi tó máa ń wà lórí ọ̀pá gíà náà wà níbẹ̀. Bí ẹni tó ṣe nǹkan kò bá ka àtijọ́ rẹ̀ sí ìdọ̀tí, èéṣe tí àwa tó ń lò ó máa fi yára jù ú nù nítorí ike tó kéré ju ìka lọ?

Ẹ̀yin ará mi nínú ilé, ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀rọ̀ yìí wọ yàrá. Ọmọ kan wà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣagídí láti bí oṣù mélòó kan. Bí a rán an níṣẹ́, á kùn. Bí a pè é, kò ní dáhùn kíá. Ohun tí ọwọ́ wa kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ó le, ohun tí a sì kọ́kọ́ rántí ni pàṣán. Ǹjẹ́ a ti pa ẹ́ńjìnnì ná, kí á dán an wò? Ǹjẹ́ a ti pè é jókòó nígbà tí ariwo ilé ti rọlẹ̀, kí á bi í léèrè? Bóyá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé. Bóyá kò gbọ́ràn dáadáa létí. Bóyá ìjà bàbá òun ìyá ló ya rọ́bà tó ń dáàbò bò ó, tí eruku fi wọlé. N kò ní kí á má bá ọmọ wí. Mo ní kí á mọ ìdí kí á tó mọ ìyà. Bẹ́ẹ̀ náà ni láàárín tọkọtaya, bẹ́ẹ̀ náà ni nínú ìjọ, níbi tí a ti ń yára sọ pé, “Lágbájá ti di alágídí,” tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì lọ bẹ̀ ẹ́ wò nílé.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ mẹkáníìkì, tí ẹ sì ń jọ́sìn pẹ̀lú wa, ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ fi kásẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ yín ni oníbàárà fi ìgbẹ́kẹ̀lé sí. Bó bá jẹ́ búṣì ni, ẹ sọ pé búṣì ni, kódà bí owó rẹ̀ kò bá tó yín jẹun ọjọ́ kan. Ẹ fi àfọ́kù rẹ̀ hàn án. Yóò padà wá, yóò sì mú ẹlòmíràn wá pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ẹ sì ni ọkọ̀, ẹ ní sùúrù fún ẹni tó ń wádìí, ẹ má ṣe fi ìkánjú tì í sínú irọ́. Ẹ san owó wíwò fún un, nítorí pé iṣẹ́ ni wíwò náà.

Ẹni tó bá fi sùúrù pa èèrà, yóò rí ìfun inú rẹ̀. Kí Olúwa fún wa ní ọwọ́ pẹ̀lẹ́, kó sì fún wa ní ojú tó ń wo ìsàlẹ̀.